Nọ́ńbà àyẹ̀wò: Bí oníṣòwò ṣe lè mọ̀ bóyá àkọsílẹ̀ òun ti yí padà

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan lónìí. Bí ẹnì kan bá wọ inú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà yín sí, tó yí ₦54,000 padà sí ₦45,000, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹni tó jẹ gbèsè ò ní pariwo, nítorí èrè tirẹ̀ ni. Àròpọ̀ tó wà nísàlẹ̀ náà ò ní pariwo, nítorí kọ̀ǹpútà kì í béèrè ìdí tí iye kan fi yí padà, ohun tó bá rí ló ń rò pọ̀. ₦9,000 ti lọ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ ìparí ọdún lẹ máa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì nílò olè kó tó ṣẹlẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó ń da ìwé gbèsè kọ látinú ìwé sínú kọ̀ǹpútà lè fi orúkọ kan sídìí owó ẹlòmíràn. Fláàṣì lè bàjẹ́ lápá kan nígbà tí ẹ ń kó àkọsílẹ̀ láti kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ sí tuntun. Ẹ̀ka méjì tó yẹ kó ní àkọsílẹ̀ kan náà lè ní oríṣi méjì. Ìjà ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, torí oníbàárà tí ẹ bá lọ sin ní gbèsè tí kò jẹ, ó lè má padà wá sí ṣọ́ọ̀bù yín mọ́ láéláé.

Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni ọgbọ́n kan tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní checksum. Àwa yóò máa pè é ní nọ́ńbà àyẹ̀wò. Nọ́ńbà kékeré kan ni, tí a fi ìṣirò yọ jáde látinú àkọsílẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ bá yí padà, tí ẹ bá tún ìṣirò náà ṣe, nọ́ńbà tó máa jáde ò ní bá ti àkọ́kọ́ mu. Ẹ ó ti mọ̀ nígbà náà pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ láìmọ̀

Ẹ wo nọ́ńbà àkáǹtì yín ní báǹkì. Ní 2010 ni báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, gbé ìlànà NUBAN jáde, èyí tó sọ nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo báǹkì di ẹyọ nọ́ńbà 10. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni báǹkì fi mọ àkáǹtì náà. Ẹyọ kẹwàá tó gbẹ̀yìn, nọ́ńbà àyẹ̀wò ni.

Bí ìlànà 2010 náà ṣe ní kí wọ́n ṣe é rèé. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n fi mọ báǹkì náà, wọ́n á wá kọ mẹ́sàn-án ti àkáǹtì tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ di ẹyọ 12. Wọ́n á sọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po 3, 7, 3, 3, 7, 3, 3, 7, 3, 3, 7, 3, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á mú ẹyọ tó gbẹ̀yìn nínú àròpọ̀ náà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú 10. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni nọ́ńbà àyẹ̀wò. Bó bá jẹ́ 10 ló ṣẹ́kù, 0 ni wọ́n á kọ.

Ká mú báǹkì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 011, àti àkáǹtì 000001457. Àwọn tó bá jẹ́ 0 kò mú nǹkan kan wá. Àwọn tó kù fún wa ní 7, 3, 3, 12, 35 àti 21. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 81. Ẹyọ tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni 1, tí a bá sì yọ 1 kúrò nínú 10, 9 ló kù. Nítorí náà, nọ́ńbà àkáǹtì náà lódindi di 0000014579.

Bí ọmọṣẹ́ yín bá ṣèèṣì tẹ ẹyọ kan ṣoṣo, yálà ó tẹ 8 dípò 7 tàbí 2 dípò 4, ìṣirò yìí yóò mú un ní gbogbo ìgbà. Bó bá ṣi 45 tẹ̀ sí 54, yóò mú un pẹ̀lú, nítorí àròpọ̀ yóò di 77, nọ́ńbà àyẹ̀wò tó yẹ yóò sì di 3 dípò 9.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o. Nínú àkáǹtì yìí kan náà, bó bá ṣi 14 tẹ̀ sí 41, ìṣirò náà ò ní mú un. Ìlọ́po 3 ni àwọn méjèèjì bọ́ sí, 3 lọ́nà 1 àti 3 lọ́nà 4 sì ń fún wa ní iye kan náà bó ti wù kí a tò wọ́n. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ máa ka orúkọ tó bá yọ lójú fóònù kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Nọ́ńbà àyẹ̀wò ń dín àṣìṣe kù, kò rọ́pò ojú ènìyàn.

Káàdì ATM náà ní tirẹ̀. Ẹyọ tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀ ń tẹ̀lé ìṣirò tí Hans Peter Luhn, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ IBM, gba ẹ̀tọ́ àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1960. Àmì onílà dúdú tó wà lára ọjà náà ní ẹyọ nọ́ńbà 13, èyí tó gbẹ̀yìn sì wà fún àyẹ̀wò.

Ìwé gbèsè: Àròpọ̀ lásán kò tó

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wàyí. Ká sọ pé oníbàárà mẹ́rin ló jẹ yín ní gbèsè, olúkúlùkù sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kì í yí padà. Nọ́ńbà 1 jẹ ₦4,500. Nọ́ńbà 2 jẹ ₦12,000. Nọ́ńbà 3 jẹ ₦7,300. Nọ́ńbà 4 jẹ ₦5,400. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦29,200.

Ọmọṣẹ́ yín wá da á kọ sínú kọ̀ǹpútà, ó fi ₦5,400 sídìí nọ́ńbà 1, ó sì fi ₦4,500 sídìí nọ́ńbà 4. Ẹ ṣe àròpọ̀, ₦29,200 náà ló ṣì jáde. Ẹ̀yin á ní kò sí wàhálà, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ti jẹ gbèsè ₦900 tí kò mọ̀dí.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi kún un ni àròpọ̀ kejì. Ẹ sọ owó kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po nọ́ńbà ẹni tó ni ín, kí ẹ wá rò wọ́n pọ̀. 4,500 lọ́nà 1 jẹ́ 4,500. 12,000 lọ́nà 2 jẹ́ 24,000. 7,300 lọ́nà 3 jẹ́ 21,900. 5,400 lọ́nà 4 jẹ́ 21,600. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 72,000. Nínú èyí tí ọmọṣẹ́ ṣì kọ, 69,300 ló máa jáde. Àṣírí ti tú nìyẹn.

Ẹ máa tọ́jú àwọn àròpọ̀ méjèèjì pọ̀ ni o. Bí àṣìṣe bá wà lórí oníbàárà kan tàbí méjì péré, irú èyí tó wù kó jẹ́, kò lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó lè júwe ibi tí àṣìṣe náà wà fún yín. Ká ní ₦7,300 ti nọ́ńbà 3 ni wọ́n kọ sí ₦3,700. Àròpọ̀ àkọ́kọ́ yóò dín ní 3,600, èkejì yóò dín ní 10,800. Ẹ fi 3,600 pín 10,800, 3 ló máa jáde. Bó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ló bàjẹ́, ìlà nọ́ńbà 3 nìyẹn.

Ẹni tó bá ń lo Excel kò nílò láti jókòó ṣe ìṣirò yìí. Bí nọ́ńbà oníbàárà bá wà ní òpó A, tí owó wà ní òpó C, láti ìlà 2 dé ìlà 5, ẹ tẹ =SUM(C2:C5) fún àròpọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ tẹ =SUMPRODUCT(A2:A5,C2:C5) fún èkejì.

Tí àkọsílẹ̀ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ

Àròpọ̀ méjì yìí dára fún owó, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá orúkọ, ọjọ́ tàbí nọ́ńbà fóònù ti yí padà. Tí àṣìṣe bá sì wà lórí ìlà mẹ́ta, ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ₦1 kún nọ́ńbà 1, ẹ yọ ₦2 lára nọ́ńbà 2, ẹ fi ₦1 kún nọ́ńbà 3, àròpọ̀ méjèèjì kò ní mì. Fún irú èyí, kọ̀ǹpútà ní ìṣirò tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí a lè gbà yín nímọ̀ràn láti lò ni SHA-256. Yálà gbólóhùn kan lẹ fún un tàbí àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá, àmì 64 ló máa ń fún yín padà, láti 0 sí 9 àti láti a sí f. Bí ìka ọwọ́ ènìyàn ló rí. Bí ẹ bá yí kọ́mà kan ṣoṣo padà, àmì 64 náà yóò yàtọ̀ pátápátá.

Bí ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fún yín bá ní MD5 lòun fẹ́ lò, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ní 2004 ni obìnrin onímọ̀ ará Ṣáínà kan, Xiaoyun Wang, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé èèyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àkọsílẹ̀ méjì tó yàtọ̀ tí MD5 wọn yóò jẹ́ ọ̀kan náà. Ní 2017, Google àti ilé ìwádìí kan ní Netherlands ṣe irú rẹ̀ fún SHA-1. MD5 ṣì lè mú fláàṣì tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé fọkàn tẹ̀ níbi tí ẹni tó fẹ́ ṣe màgòmágó bá wà.

Lórí Windows, ẹ lè ṣí ibi tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, kí ẹ tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, àti SHA256. Ẹ má rí i pé ẹ fi fáìlì Excel gan-an ṣe é o, torí bí ẹ bá kàn ṣí i tí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ padà, Excel á kọ àkókò tuntun sínú rẹ̀, àmì náà á sì yí padà bí ẹ kò tiẹ̀ fọwọ́ kan owó kankan. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ bíi CSV.

Ohun tó ń mú kí nọ́ńbà àyẹ̀wò purọ́

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìtumọ̀, àmì tí a tẹ̀ ló mọ̀. Àkọsílẹ̀ méjì tó jọ ara wọn lójú wa lè yàtọ̀ lójú rẹ̀, méjì tó yàtọ̀ sì lè di ọ̀kan náà. Tí ariwo èké bá ti wá pọ̀ jù, ẹ kò ní ka ti òótọ́ sí mọ́. Àwọn ohun tó yẹ kí ẹ bá ẹni tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà yín sọ rèé:

1. Ẹ fi ààlà sáàárín àwọn àyè. Ká ní nọ́ńbà rìsíìtì jẹ́ 1, iye ọjà jẹ́ 23. Bí a bá so wọ́n pọ̀, 123 ni. Rìsíìtì 12 tí iye ọjà rẹ̀ jẹ́ 3 náà, 123 ni. Ẹ fi àmì kan sáàárín wọn, kó di 1|23 àti 12|3, kí ẹ sì rí i pé àmì yẹn kò lè wà nínú orúkọ tàbí iye fúnra rẹ̀.

2. Ẹ yan bí owó àti ọjọ́ ṣe máa rí. 5000, 5,000 àti 5,000.00 jẹ́ owó kan náà lójú yín, oríṣi mẹ́ta ni lójú kọ̀ǹpútà. 03/04/2024 lè jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ẹ kọ ọdún, oṣù, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn: 2024-04-03.

3. Ẹ ṣọ́ra fún òdo tó ṣíwájú. Excel máa ń jẹ òdo iwájú bó bá rò pé nọ́ńbà lásán ni. Àkáǹtì 0000014579 á di 14579, nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 á di 80. Ẹ sọ òpó náà di ti ọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

4. Àyè tó ṣófo kò jọ 0. Ẹni tí a kò tíì kọ gbèsè rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ti san án tán. Ẹ yan àmì kan fún àyè tó ṣófo, kí ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fò ó.

5. Orúkọ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ́ tó ní àmì lókè lórúkọ bíi Tọ́lá lè jẹ́ ọ oníkókó tí a fi àmì òkè lé, ó sì lè jẹ́ ó olámì tí a fi kókó sísàlẹ̀. Fóònù kan lè kọ ọ́ báyìí, kí kọ̀ǹpútà kọ ọ́ lọ́nà kejì, ojú wa kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní NFC, tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di oríṣi kan. Kí wọ́n lò ó kí wọ́n tó ṣe ìṣirò. Kí wọ́n sì gé àlàfo tó bá ṣẹ́kù níwájú àti lẹ́yìn orúkọ.

6. Ẹ yọ ohun tó ń yí padà fúnra rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ló ń kọ àkókò tí wọ́n ṣí ìlà kan gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi ìyẹn sínú ìṣirò, ojoojúmọ́ ni nọ́ńbà àyẹ̀wò yóò máa yí padà láìnídìí.

7. Ẹ kọ gbogbo ìlànà yìí sílẹ̀. Àyè wo ló ṣíwájú, èwo ló tẹ̀lé e, àmì ààlà wo lẹ lò. Bí ẹ bá gba ẹlòmíràn síṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, tó yí ìlànà padà, gbogbo nọ́ńbà àtijọ́ ti di asán.

Láti ìlà kan sí odidi ìwé

Ẹ jẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àyẹ̀wò tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n to àwọn ìlà náà gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà rìsíìtì, kí wọ́n kó gbogbo nọ́ńbà àyẹ̀wò wọn jọ, kí wọ́n wá ṣe ẹyọ kan fún odidi. Tí ti odidi bá yàtọ̀, ẹ ó lè wo ti ìlà kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó bàjẹ́.

Títò yẹn ṣe pàtàkì. Database kò ṣèlérí pé bí òun ṣe to àwọn ìlà lánàá lòun máa tò wọ́n lónìí, àfi bí a bá pàṣẹ fún un. Àwọn kan ń lo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní XOR kí wọ́n má bàa tò ó, ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ rìsíìtì kan ní ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, á dà bíi pé kò sí níbẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, á dà bíi pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Rìsíìtì tí wọ́n kọ lákọtúnkọ sì wà lára ohun tí oníṣòwò ń bẹ̀rù jù. Ẹ tò ó, kí ẹ sì kọ iye ìlà tó wà níbẹ̀ mọ́ nọ́ńbà àyẹ̀wò.

Àwọn tó ń lo MySQL á sọ pé àṣẹ kan tó ń jẹ́ CHECKSUM TABLE wà tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irú ọ̀nà tí MySQL ń gbà tọ́jú ìlà kọ̀ọ̀kan pamọ́ wà lára ohun tó ń pinnu nọ́ńbà náà. Bí ìyẹn bá yí padà, nọ́ńbà á yí padà bí owó kankan kò tiẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ má fi í wé ti ọdún tó kọjá.

Níbo lẹ fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí?

Ẹni tó lè yí ₦54,000 padà lè tún ìṣirò ṣe, kó sì fi nọ́ńbà àyẹ̀wò tuntun rọ́pò ti àtijọ́, bó bá jẹ́ inú kọ̀ǹpútà kan náà ni ẹ tọ́jú àwọn méjèèjì sí. Ẹni tó kó kọ́kọ́rọ́ mọ́ àpótí ni yẹn. Ẹ mú un kúrò níbẹ̀. Kí ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń tọ́jú nọ́ńbà àyẹ̀wò. Tí ẹ bá ti fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, ẹ da nọ́ńbà náà kọ sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín nílé, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹnì kan tí kò bá yín ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òwò tó bá ti tóbi lè ní kí wọ́n lo HMAC, èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí kún ìṣirò náà, tí ẹni tí kò mọ àṣírí ọ̀hún kò lè ṣe irú rẹ̀.

Kí a má sì tan ara wa jẹ, nọ́ńbà àyẹ̀wò kò mọ òótọ́. Bó bá jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ irọ́ sílẹ̀, irọ́ náà ló máa ṣọ́. Kò sì lè dá ohun tó bàjẹ́ padà. Ẹ̀dà ìpamọ́ ló ń ṣe ìyẹn, kí ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀dà kankan láìjẹ́ pé ẹ ti ṣí i, tí ẹ tún ìṣirò ṣe, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì bá ti àkọ́kọ́ mu.

Ibi tí ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò ní yí padà. Ẹ ṣe àròpọ̀ méjì tí a kọ́ lókè yìí, látinú ìwé àti látinú kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti iye ìlà. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ wá ibi tí àṣìṣe wà kí ẹ tó sin ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Lálaalẹ́, ẹ ṣe irú rẹ̀ fún títà ọjọ́ náà. Nígbà tí òwò bá gbòòrò, ẹ pe ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fún yín, kí ẹ gbé ohun méje tí a kà sílẹ̀ yìí ka iwájú rẹ̀ fún SHA-256.

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lójúmọ́. Àwọn àgbà ní bí a ò bá tètè mú olè, olè á mú olóko. Nínú òwò, àṣìṣe tí a kò tètè mú lè di gbèsè lọ́rùn ẹni tí kò jẹ ẹ́, tàbí kó di àdánù lọ́rùn ẹni tó ni ọjà.